Kandídà tó ń lọ tó ń bọ̀: ẹ jẹ́ ká tú ètò oúnjẹ àti àfikún yìí palẹ̀

Ìbéèrè_Ò_Tán:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ètò kan wà táwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n ní ó ń lé kandídà (irú ìwúkàrà kan tó ń gbé lára èèyàn) lọ, ì báà jẹ́ ti ojú ara, ti ẹnu tàbí ti inú ìfun. Bó ṣe lọ nìyí. Ọ̀sẹ̀ 6 gbáko láìfẹnu kan ṣúgà, búrẹ́dì, ìrẹsì, èso, wàrà àti ohunkóhun tó ní ìwúkàrà nínú. Láàárọ̀, caprylic acid (ọ̀rá kan tó wà nínú òróró àgbọn) 1,000 mg pẹ̀lú òróró oregano ẹ̀kán 4. Lọ́sàn-án, ọmọ ááyù tútù 2. Lálẹ́, Saccharomyces boulardii kápúsù 1. Tí kò bá tíì lọ, kí wọ́n fi fluconazole (oògùn kandídà) 150 mg kún un. Wọ́n tún ní tórí bá ń fọ́ tàbí tí inú bá ń rú, kéèyàn fara dà á, pé kandídà ló ń kú.

Kí ni ká mú níbẹ̀, kí ni ká sọ nù? Ìwọ̀n àti àkókò ni mo ń fẹ́ o. "Ẹ máa mu omi dáadáa" ti pọ̀ tó níta.

Láàbù_Òru:
Ká tó dórí oúnjẹ rárá, ta ló sọ pé kandídà ni? Ojú ara tó ń yún tó sì ń da omi kì í ṣe ẹ̀rí. Bacterial vaginosis (bakitéríà ojú ara tí kò wọ̀n mọ́) ń fà á, trichomonas (kòkòrò tí ìbálòpọ̀ ń tàn) ń fà á, ọṣẹ olóòórùn dídùn lásán náà ń mú kó yún. Omi ti kandídà sábà máa ń ki, á funfun, kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Èyí tó bá ń rùn bí ẹja, ibòmíì ni kẹ́ ẹ ti wá a. Bébà pH, tó ń wọn ìkan omi náà, ń ranni lọ́wọ́: 4.5 lọ sísàlẹ̀ bá kandídà mu. Tó bá ju 4.5 lọ, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ó sì lè jẹ́ méjì pọ̀.

Maikirosikóòpù ló ń tú u síta. A ó fi omi náà díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó kán potassium hydroxide 10% lé e lórí. Sẹ́ẹ̀lì ara á yọ́ dànù, kandídà ò ní yọ́: ẹ ó rí i bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń pẹ̀ka, tí nǹkan róbótó kéékèèké rọ̀ mọ́ lára. Tó bá jẹ́ róbótó nìkan lẹ rí, tí òwú kò sí, ẹ fura sí glabrata, oríṣi kandídà kan, torí òun kì í ta òwú. Ìdí nìyí tí a fi ń gbìn ín ní láàbù fún ọjọ́ 2 sí 3 nígbà tó bá ń padà wá: oríṣi tí wọ́n ń pè ní albicans ló wọ́pọ̀ jù, fluconazole sì sábà máa ń ká a. Glabrata máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ti krusei, oríṣi mìíràn, fluconazole kò ràn án rárá, ẹ ò báà lò ó fún oṣù kan.

Àwọn àyẹ̀wò tí kò yẹ kẹ́ ẹ náwó lé: tutọ́ sínú ife omi láàárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ta ẹsẹ̀ wálẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó wà nínú itọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kandídà wà ni o, kò sí ni o. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó bá sọ pé "kandídà wà" kò sọ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko ló ń gbé e káàkiri nínú ìfun. IgG inú ẹ̀jẹ̀ (ohun tí ara ń ṣe láti gbógun ti kòkòrò) kò sọ ju pé ara ti pàdé rẹ̀ rí.

Ìbéèrè_Ò_Tán:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ti inú ìfun wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ètò yìí fi ọwọ́ lé jù: inú wíwú, àárẹ̀, kéèyàn máa gbàgbé nǹkan.

Láàbù_Òru:
Kandídà lè pọ̀ jù nínú ìfun kékeré lóòótọ́, pàápàá lára ẹni tí ìfun rẹ̀ kì í yára ti oúnjẹ lọ, tàbí ẹni tó ti ń lo oògùn apa-ásíìdì bí omeprazole tipẹ́. Àmọ́ kéèyàn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni, wọ́n ní láti ti ẹnu ki rọ́bà wọlé, kí wọ́n fa omi ìfun kékeré jáde, kí wọ́n gbìn ín, kó sì tó 1,000 nínú mílílítà 1. Kò sí ìwé ìbéèrè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè ṣe é.

Ní ti àárẹ̀ àti ìgbàgbé, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1986 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà alérígì ti Amẹ́ríkà ti sọ pé àbá "kandídà ló ń fa gbogbo rẹ̀" kò ní ẹ̀rí. Ní 1990, wọ́n tẹ àyẹ̀wò kan jáde tí wọ́n ṣe fún obìnrin 42: wọ́n lo nystatin, oògùn kandídà mìíràn, wọ́n tún lo èyí tí kò ní oògùn nínú, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni èwo. Nystatin tu ojú ara lára. Ní ti àárẹ̀ àti ìrònú, kò ju èyí tí kò ní oògùn lọ. Ẹni tó bá ń rẹ̀, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kó yẹ thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn) wò, kó tó gbà pé ìwúkàrà ló ń jẹ òun.

Oúnjẹ_Níwọ̀n:
Èmi ò ní sọ pé oúnjẹ kò já mọ́ nǹkan kan o. Ọ̀nà tí ètò yìí gbà rò ó ló wọ́. Ó ń rò pé téèyàn ò bá jẹ ṣúgà, ebi á pa kandídà kú. Ṣúgà tẹ́ ẹ jẹ, ìfun kékeré ti fà á sínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ìfun ńlá, ìfun kò sì já sí ojú ara. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tí ìyẹn bá ti ga ju, ṣúgà á wà nínú ìtọ̀ àti omi ara, sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó gbá kandídà mú á sì máa rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kandídà fi ń dààmú alátọ̀gbẹ ju ẹlòmíì lọ, òun náà ni oúnjẹ sì ń ṣe láǹfààní jù.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń padà wá fún, kó kọ́kọ́ yẹ ṣúgà wò. 126 mg/dL sókè nígbà tínú ṣófo, tàbí HbA1c (àyẹ̀wò ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bí oṣù mẹ́ta) 6.5% sókè, tí àyẹ̀wò kejì sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun ni, àtúnṣe ṣúgà á ṣe ju kápúsù mẹ́wàá lọ.

Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá dára, ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ti tó o: ṣúgà àfikún, oyin àti omi èso kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ lọ, ìyẹn nǹkan bíi 50 gíráàmù lójúmọ́ fún ẹni tó ń jẹ 2,000 kálórì, 25 ló tún dára jù. Agolo ẹlẹ́rìndòdò 330 ml kan ṣoṣo ti ń lọ sí 35 gíráàmù. Síbí tíì kan jẹ́ 4. Oyin kì í ṣe àyọsílẹ̀: síbí ọbẹ̀ kan ní nǹkan bíi 17. Lẹ́yìn páálí, ẹ wo "dextrose", "maltose", "glucose syrup", ṣúgà ni gbogbo wọn. Páálí omi èso tó kọ "kò sí ṣúgà àfikún" kò tíì bọ́ níbẹ̀.

Búrẹ́dì? Ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í ṣe ìbátan tó ń dààmú yín, Saccharomyces cerevisiae ni, iná ààrò sì ti pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín búrẹ́dì funfun kù torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀, ó dáa. Ẹ má kàn sọ pé torí ìwúkàrà. Èso odindi 2 lójúmọ́ kò ṣe nǹkan, fáíbà rẹ̀ ló ń bọ́ bakitéríà rere inú ìfun. Yógọ́ọ̀tì tí kò ládùn náà dára: nínú 100 gíráàmù, ṣúgà 4 sí 5 jẹ́ ti wàrà fúnra rẹ̀. Tó bá ti tó 12, ẹnì kan ti da ṣúgà sí i. Kó kọ pé kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, torí èyí tí wọ́n gbé kaná lẹ́yìn tó ti kan, òkú ló wà nínú rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ya abọ́: ìlàjì ẹ̀fọ́, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ẹja, ẹyin tàbí ẹran, ìdá mẹ́rin tó kù ẹ̀wà tàbí ọkà tí wọn ò bó. Ẹ lè jẹ ẹ́ lọ fún ọdún. Èyí tó kó gbogbo afáralókun (búrẹ́dì, ìrẹsì àti irú wọn) dànù fún ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ kejì ìgbẹ́ ti le, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ẹni náà ti ń jí àkàrà òyìnbó jẹ lóru.

Apòògùn_Tó_Ń_Kàwé:
Ẹ̀gbọ́n Oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un torí ó léwu. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo glibenclamide (oògùn àtọ̀gbẹ), tó wá ṣàdédé gé afáralókun láìdín oògùn kù, ṣúgà rẹ̀ lè já lulẹ̀: á máa làágùn, á máa gbọ̀n, ojú á ṣú u. Ẹni tó ń lo empagliflozin tàbí dapagliflozin, oògùn àtọ̀gbẹ náà, ní ewu mìíràn: ketoacidosis (ásíìdì tó ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀), èyí tó lè ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ṣúgà ga púpọ̀. Oògùn méjèèjì yìí kan náà ló ń da ṣúgà sínú ìtọ̀, kandídà ojú ara àti ti orí okó sì wà lára wàhálà tí wọ́n sábà ń fà. Ẹ lè máa jẹ ẹ̀fọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nígbà tó jẹ́ pé hóró oògùn àárọ̀ yìí ló ń bọ́ kandídà. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bá ẹni tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀.

Àfikún_Lójoojúmọ́:
Ẹ má fi àfikún ṣẹ̀sín ṣá. Caprylic acid ń ya ògiri kandídà. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 500 mg lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe 1,000 lójú ẹsẹ̀ ní inú òfìfo. Ìyẹn ló ń fa inú rírú àti ìgbẹ́ gbuuru. Òróró àgbọn síbí ọbẹ̀ kan, bíi 14 gíráàmù, ní nǹkan bíi gíráàmù 1 nínú.

Apòògùn_Tó_Ń_Kàwé:
Inú ìgò láàbù ló ti ya ògiri náà, àbúrò. Nínú èèyàn, òkè ìfun ti fà á tán kó tó dé ibi tẹ́ ẹ ń rán an lọ, ẹ̀dọ̀ á sì sun ún bí epo. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń wá kápúsù tí kì í tètè yọ́. Èmi ò rí àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ lára èèyàn tí màá fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà á. Òróró àgbọn tiẹ̀ jẹ́ 120 kálórì ní síbí kan, ẹ rántí.

Oregano: carvacrol, èròjà inú rẹ̀, mú. Ẹ̀kán 4 tí a kò là máa jó ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá taku, kápúsù tí wọ́n ti fi òróró là ni. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òróró irugbìn grapefruit tí wọ́n ń tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n yẹ oríṣiríṣi rẹ̀ wò, benzethonium chloride ni wọ́n bá nínú ọ̀pọ̀, kẹ́míkà ìpakòkòrò tí wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan. Kẹ́míkà náà ló ń pa kòkòrò, irugbìn kọ́.

Ááyù: ẹ fọ́ ọ, ẹ fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 kí allicin, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, lè wá, lẹ́yìn náà ẹ jẹ ẹ́ sínú oúnjẹ. Ó dùn, kò burú. Wọ́n ti fún àwọn obìnrin kan ní Australia ní hóró ááyù fún ọjọ́ 14, kandídà inú ojú ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tó lo èyí tí kò ní oògùn nínú. Ẹ má ṣe kí i bọ inú ojú ara láé, ó máa ń jó awọ ibẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) kó ṣọ́ra fún ááyù àti oregano, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kó sọ fún dókítà.

Nípa lactobacillus (bakitéríà rere tí wọ́n ń kó sínú kápúsù), ẹ̀rí tó wà kò lágbára, àmọ́ kò pọ̀ ní ewu fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ wo orúkọ odindi lára ìgò: rhamnosus GR-1 àti reuteri RC-14 ni wọ́n ti yẹ wò jù fún ojú ara. "Lactobacillus" lásán kò tó. Tẹ́ ẹ bá ń lo àntíbáyọ́tíìkì lọ́wọ́, ẹ fi wákàtí 2 ó kéré tán sáàárín wọn. Zinc náà ń wọ inú àwọn ètò wọ̀nyí, kò gbọ́dọ̀ ju 40 mg lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́pà inú ara á máa lọ, ẹ má sì mu ún pọ̀ mọ́ ciprofloxacin tàbí doxycycline.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti ẹnu. Funfun tó bo ahọ́n tó sì ṣeé họ, tó pọ́n lábẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: ṣé ó ń lo inhaler tó ní steroid? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi omi yọnu kó tú u dànù lẹ́yìn gbogbo fífà, kó lo spacer (ike tí wọ́n ń fi sáàárín inhaler àti ẹnu). Ṣé eyín àtọwọ́dá ni? Kó máa yọ ọ́ lálẹ́, kó fọ̀ ọ́, kó rẹ ẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹnu tí kò tọ́jú eyín, inú eyín náà ni kandídà á ti padà wá.

Nystatin olómi, 100,000 unit nínú mílílítà kan: 4 sí 6 ml, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, fún ọjọ́ 7 sí 14. Kó fi yí ẹnu ká, kó dá a dúró bó bá ti lè pẹ́ tó, kó wá gbé e mì, kó má jẹun fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n ń gbé e mì lójú ẹsẹ̀ bí oògùn ikọ́. Nystatin kì í wọ ẹ̀jẹ̀, ibi tó bá kàn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó panilẹ́rìn-ín pé ọ̀pọ̀ nínú ìgò náà ní ṣúgà gan-an nínú, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Tí oúnjẹ bá ń dùn ún bó ṣe ń gbé e mì, tàbí tí funfun ẹnu wá láìsí ìdí lára àgbàlagbà, kó ṣe àyẹ̀wò HIV, kó sì rí dókítà. Ibà pẹ̀lú ọ̀wọ̀rìrì lára ẹni tí wọ́n ki rọ́bà sí iṣan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti "kandídà ló ń kú": ìṣesí ara tí wọ́n yá orúkọ rẹ̀, Herxheimer, ti àrùn bíi rẹ́kórẹ́kó ni, láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn àntíbáyọ́tíìkì. Fún kandídà kò ní ẹ̀rí. Ara tó sú, èébì tí kò dáwọ́, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ tó ṣú, ìyẹn kì í ṣe ìṣẹ́gun. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Ìbéèrè_Ò_Tán:
Ẹ jẹ́ kí n béèrè ti fluconazole tó kù. Hóró kan lóṣooṣù, nígbà tó bá ti yún, ṣé ó tó?

Apòògùn_Tó_Ń_Kàwé:
Òun ló ń bà á jẹ́ jù. 150 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wà fún èyí tó kàn ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le, 150 méjì, wákàtí 72 sáàárín. Tó bá ti ń padà wá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù lọ láàárín ọdún kan, tí láàbù sì ti sọ pé albicans ni: ọjọ́ 1, ọjọ́ 4, ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà hóró 1 lọ́sẹ̀ fún oṣù 6. Ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì máa ń padà rí i lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ẹ sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n má rò pé oògùn ò dára. Kí wọ́n sọ fún dókítà ṣáájú tí wọ́n bá ń lo warfarin, simvastatin, glibenclamide tàbí oògùn ìlù ọkàn.

Aboyún kò gbọdọ̀ gbé fluconazole mì, ìpara clotrimazole fún ọjọ́ 7 ni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara wọ̀nyẹn ń sọ kọ́ńdọ̀mù di aláìlágbára. Fún glabrata, boric acid 600 mg ní kápúsù tí a ń ki sínú ojú ara ní alẹ́, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ìgò pé májèlé ni lẹ́nu, ó ń pani, kò sì wà fún aboyún.

Ìbéèrè_Ò_Tán:
Ó yé mi. Mo tún un tò báyìí: láàbù kọ́kọ́, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, abọ́ ọlọ́jọ́ gígùn ti ẹ̀gbọ́n Oúnjẹ, oògùn bí láàbù bá ṣe wí, S. boulardii 250 mg lẹ́ẹ̀mejì láti tún ìfun ṣe. Caprylic, oregano àti irugbìn grapefruit ti kúrò.

Apòògùn_Tó_Ń_Kàwé:
Ó kù kan. Boulardii fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwúkàrà. Àntíbáyọ́tíìkì kò lè pa á, ìdí nìyẹn tó fi wúlò nígbà tí inú bá ń ṣu gbuuru lẹ́yìn rẹ̀. Fluconazole àti nystatin ni ọ̀tá rẹ̀. Fluconazole máa ń gba bíi wákàtí 30 kó tó dín sí ìlàjì nínú ara, torí náà ẹni tó ń lo hóró kan lọ́sẹ̀ ṣì ń gbé díẹ̀ kiri nígbà tí òmíràn bá tún dé. Ẹ kò rí àlàfo kankan tí ẹ máa fi í sí. Ẹ yọ boulardii, ẹ fi lactobacillus rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí rọ́bà wà ní iṣan rẹ̀, tàbí tí ààbò ara rẹ̀ ti wó lulẹ̀, kó má ṣí ìgò boulardii nítòsí rẹ̀ rárá, torí ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ irú wọn rí.